Ìbànújẹ́ Kò Fi Ọ̀rá Ṣe Ilé

Láàárín àwọn tó ń sáré òwúrọ̀ kí ara wọn lè jọ̀ ní Ìlọrin Àfọ̀njá, ìlú Álímì, ojúlé ìmọ̀ kéú, ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí a gbé yẹ̀wò: wọ́n ní gbogbo ẹkún tí ènìyàn kò ráyè sun, àti gbogbo ìdààmú tó ti gbé mì láti ìgbà èwe, inú ọ̀rá ara ló sá pamọ́ sí, pé bí ọ̀rá náà bá ti ń yọ́ ni ìbànújẹ́ yóò máa tú jáde. Èmi kò gbà á gbọ́.

Oúnjẹ tí ara kò tíì lò ni ọ̀rá. Ara tò ó pamọ́ de ìgbà ìyàn bí àgbẹ̀ ti í kó àgbàdo sí àká. Ìwádìí tí Ruben Meerman àti Andrew Brown tẹ̀ jáde lọ́dún 2014 fi hàn pé nígbà tí ọ̀rá bá ń tán lára, bí ìdá 84 nínú 100 rẹ̀ ni à ń mí síta, tí ìyókù sì ń di omi.

Òótọ́ ni pé ara àti ọkàn jọ ń gbé pọ̀. Bí ìdààmú bá pẹ́ lára ènìyàn, omi ara tí wọ́n ń pè ní cortisol, tó ń ti ara ẹṣẹ́ orí kíndìnrín wá, lè pọ̀ jù, kí ó sì máa kó ọ̀rá jọ sí ikùn. Ẹlòmíràn a sì máa fi oúnjẹ pa ìbànújẹ́ lẹ́nu mọ́, tó fi jẹ́ pé ọjọ́ tó bá dín oúnjẹ kù ni ìbànújẹ́ náà yóò tún gbóhùn, tí òun yóò sì rò pé inú ọ̀rá ló ti jáde wá.

Ebi pàápàá kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Láàárín ọdún 1944 sí 1945, Ancel Keys ti Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà kó ọkùnrin 36 tí ara wọn le koko jọ, àwọn tó fúnra wọn yọ̀ǹda ara wọn, ó sì fi nǹkan bí oṣù mẹ́fà bu oúnjẹ wọn kù títí ara wọn fi joro. Ọkàn wọn kò fúyẹ́ rárá: ìbínú, ìrẹ̀wẹ̀sì àti àròjinlẹ̀ lórí oúnjẹ ló gbà á kan.

Àwa tí Ramadan mọ́ lára ní ìlú yìí kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wa pé ẹni tó gbààwẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, àdúrà, ìrántí Ọlọ́run àti ìjókòó pẹ̀lú ará ilé nígbà ìṣínu ló fún un ní ìfọ̀kànbalẹ̀ náà, kì í ṣe kílò tó sọ nù. Ìrìn àti eré ìdárayá náà a máa tu ọkàn lára, ìbáà jẹ́ pé ìwọ̀n ara kò yí padà.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: ìbànújẹ́ fúnra rẹ̀ ló yẹ kí a tọ́jú, kì í ṣe ọ̀rá. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, oníṣègùn ọkàn, bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀ ní Arò, l'Abẹ́òkúta, lọ́dún 1954, àárín àwọn ará abúlé, pẹ̀lú ìbátan wọn, ló fi àwọn aláìsàn ọkàn sí. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ìbànújẹ́ ti dorí yín kodò, ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí ẹ bá fọn. Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó ṣeé finú hàn. Bí ó bá sì wúwo ju èyíinì lọ, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Ìlọrin ní àwọn oníṣègùn ọkàn: ẹ lọ bá wọn.