Tòmátò Lábẹ́ Ọ̀rá

Kò sí àní-àní pé bí a bá dárúkọ oko níwájú ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ òde òní, ojú wọn a kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ọmọ ilé kéwú ń sọ pé òun kò kọ́ kéwú nítorí ọkọ́, ọmọ Yunifásítì ń sọ pé òun kò gba ìwé ẹ̀rí nítorí àdá. Bẹ́ẹ̀ sì ni, kò sí ọjọ́ kan tí ata àti tòmátò kì í wọ inú ìkòkò ìyá wọn. Ta ni wọ́n rò pé ó ń gbìn ín?

Èyí tí ó pọ̀ jù nínú tòmátò tí àwọn ará Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó ń jẹ ni ó ń ti Òkè Ọya wá nínú ọkọ̀ ẹrù. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, kòkòrò kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Tuta absoluta ya wọ àwọn oko tòmátò ní Ìpínlẹ̀ Kàdúnà, ó sì jẹ wọ́n run débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde pé ọ̀rọ̀ tòmátò ti di pàjáwìrì. Owó tòmátò fò sókè jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ní ìparí oṣù Kejì ọdún 2021 ẹ̀wẹ̀, lẹ́yìn rògbòdìyàn ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, àwọn oníṣòwò oúnjẹ dá ọkọ̀ dúró, wọn kò jẹ́ kí oúnjẹ sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìhà Gúúsù fún ọjọ́ mélòó kan, ọjà sì gbóná kọjá àfaradà. Ẹni tí ó bá ń retí ọbẹ̀ láti Kánò, ìrìn tí ó ju 800 kìlómítà lọ, kò yẹ kí ó bú ẹnikẹ́ni bí ìkòkò rẹ̀ bá ṣófo.

Ṣé ilẹ̀ Yorùbá kò lè hu tòmátò ni? Ó ń hù ú. Òjò ni ọ̀tá rẹ̀. Bí òjò bá ti ń rọ̀ ní àrọ̀ìdá, yóò máa ta erùpẹ̀ sára ewé, ewé kì í sì í gbẹ, àrùn a wá rí ibi wọ̀. Lójijì ni ewé yóò dúdú, tí èso yóò jẹrà lórí igi. Èyí ni ó fà á tí àwọn baba wa fi ń lo àkùrọ̀ etí odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n sì ń yẹra fún agbedeméjì òjò. Wọn kò ní òrùlé tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà kọjá. Òrùlé yìí gan-an ni ọ̀rá fún wa lónìí.

Bí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí kan bá ń fi ojú yẹpẹrẹ wo irú iṣẹ́ báyìí, kí ó lọ wo ìtàn Andalúsì. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ kò ka ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sí ohun tí ó kéré sí kálámù. Ibn Bassal ti ìlú Toledo kọ̀wé lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní nǹkan bí 900 ọdún sẹ́yìn, Ibn al-Awwam ti ìlú Seville sì kọ ìwé ńlá tirẹ̀, Kitab al-Filaha, lẹ́yìn rẹ̀, lórí igi, ewébẹ̀, ajílẹ̀ àti omi. Ní ilẹ̀ kan náà ni ìlú Almería wà, èyí tí Kálífà Abd al-Rahman Kẹta dá sílẹ̀ ní ọdún 955 tí wọ́n sì ń pè é ní al-Mariyya. Ibi gbígbẹ ni àyíká rẹ̀. Lónìí, ilé ọ̀rá tí ó wà níbẹ̀ ju 30,000 hẹ́kítà lọ, ó funfun títí dé etí òkun, tòmátò àti kùkúḿbà rẹ̀ sì ń bọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù.

Àwọn wo ni ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀rá wọ̀nyẹn? Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́ tí ó ti Mòrókò, Málì àti Sẹ̀nẹ̀gà wá, ọ̀pọ̀ jẹ́ Mùsùlùmí. Àwọn mìíràn nínú wọn la aṣálẹ̀ àti òkun já kí wọ́n tó débẹ̀. Nínú oṣù Kejì ọdún 2000, àwọn onílé dìde sí irú àwọn àlejò bẹ́ẹ̀ ní ìlú El Ejido, wọ́n lù wọ́n, wọ́n sì jó ibùgbé wọn. Ó ṣeni láàánú pé ẹni tí kò lè tẹ̀ ba ro ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀ a máa fi ẹ̀mí wewu láti lọ tẹ̀ ba nínú ooru lábẹ́ ọ̀rá ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn kọ́ iṣẹ́, ọ̀tọ̀ ni kí ó ṣe é bí ọ̀bọ ti ń ṣe é. Ilé onígíláàsì ti àwọn òyìnbó wà láti há ooru mọ́lé nítorí pé òtútù ń pa ohun ọ̀gbìn wọn. Ta ni ń wá ooru ní Ìbàdàn? Ilé tí wọ́n fi ọ̀rá dí pa láti òkè dé ilẹ̀ yóò di ààrò lọ́sàn-án, bí ooru bá sì ti kọjá ìwọ̀n 35, tí òru pẹ̀lú kò tutù, òdòdó tòmátò yóò máa rẹ̀ dànù láìso. Nítorí náà, òrùlé nìkan ni kí ó jẹ́ ọ̀rá, kí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ àwọ̀n. Kí ilé náà ga tó mítà 3, kí wọ́n sì fi ojú ihò sílẹ̀ lókè, tí wọn yóò fi àwọ̀n bò, kí ooru lè rí ọ̀nà jáde. Ọparun tó fún òpó. Ọ̀rá lásán tí wọ́n ń tà lọ́jà yóò fọ́ wẹ́wẹ́ láàárín ọdún kan. Èyí tí wọ́n ṣe láti fara da oòrùn, tí àwọn tí ń tà á ń pè ní UV, ni ó tọ́ kí wọ́n rà, bí ó tilẹ̀ wọ́n jù ú lọ.

Àwọ̀n ẹ̀fọn ojú fèrèsé kò tó. Eṣinṣin funfun kékeré tí ń kó àrùn ewé kíká wá yóò gba inú rẹ̀ kọjá. Àwọ̀n tí ó ní ihò 40 sí 50 nínú ínǹṣì kan ni í dá a dúró. Àmọ́ bí ihò bá ti ń kéré sí i ni atẹ́gùn ń dín kù, èyí ni ó mú kí gíga ilé ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ kì í rántí pé oyin àti atẹ́gùn tí ń ran òdòdó lọ́wọ́ kò ní ráyè wọlé mọ́. Tòmátò kò nílò ju kí wọ́n máa gbọn ẹ̀ka òdòdó rẹ̀ jẹ́jẹ́ láràárọ̀, kí ìyẹ̀fun inú rẹ̀ lè dà. Kùkúḿbà ní tirẹ̀ ní òdòdó akọ àti abo lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọwọ́ ènìyàn ni yóò sì gbé ìyẹ̀fun akọ sórí abo, àfi irú èyí tí wọ́n ṣe láti máa so láìgbà á.

Ilẹ̀ inú ilé náà ń gbó. Tòmátò, ata àti ìkàn, ọmọ ìyá ni wọ́n. Bí wọ́n bá ń tẹ̀ lé ara wọn lójú kan náà, aràn tín-tìn-tín inú ilẹ̀ tí ń mú gbòǹgbò ta kókó yóò pọ̀ sí i. Ohun tí ó rọrùn jù ni kí wọ́n gbìn ín sínú àpò, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ erùpẹ̀ rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe kó tẹ̀tẹ̀, ewédú tàbí gbúre sábẹ́ ọ̀rá. Ìfowóṣòfò ni. Wọ́n mọ òjò, wọ́n mọ oòrùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tẹ̀tẹ̀ tó já. Omi nìkan ni wọ́n ń fẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bẹ́ẹ̀ ni omi àlùwàlá ń ṣàn wọ gọ́tà ní gbogbo mọ́sálásí lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, tí ìta mọ́sálásí sì gbẹ bí àwo.

Àwọn kan ń ta odidi ilé ọ̀rá fún ọ̀dọ́, wọ́n ń ṣèlérí mílíọ̀nù láàárín oṣù mẹ́ta, wọ́n sì ń júwe ibi tí yóò ti yáwó elélé rà á. Kí ó sá fún un. Mítà 4 níbùú lóròó mítà 3 gba 20 igi tòmátò, èyí tó láti fi kọ́ṣẹ́. Kí ó béèrè irúgbìn tí ó bá ilẹ̀ yìí mu lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ NIHORT ní Ìdí-Ìṣìn, Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí lórí ewébẹ̀ àti èso láti ọdún 1975. Bí ó bá fún un sínú abọ́ ní ìparí oṣù Kejì, tí ó tu ú lọ sínú àpò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tí ó sì fi ọ̀pá gbè é, òdòdó rẹ̀ yóò bọ́ sí ìgbà tí òjò ti tu ojú ọjọ́ lára, èso rẹ̀ yóò sì máa pọ́n ní oṣù Kẹfà, nígbà tí ti Òkè Ọya ti ń wọ́n lọ́jà.