Àgbà Kan Ò Lè Dá Gbé Ilé Tí Ò L'ópòó

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo gbé wá, kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tiwa, ti àwọn ará Amẹ́ríkà ni, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù, tí wọ́n sì ń gbé sáré. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé síbí wá kàwé, mo rò pé ìjà lásán ni. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé ẹnì kan ni dírẹ́bà ọkọ̀ náà. Òun ni wọ́n ń pè ní quarterback.

Ìbéèrè kan kì í tán nídìí eré yìí: bí quarterback tó ti gba ife ẹ̀yẹ, àmọ́ tí ara rẹ̀ ti ń dàgbà, bá ń wá ibi tí yóò ti gbá bọ́ọ̀lù, ṣé ó yẹ kí tíìmù gbà á? Àwa Yorùbá á ti dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ṣebí àgbà kì í wà l'ọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi náà ti jiyàn bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ojú New York Jets rí.

L'ọ́dún 2008, wọ́n gba Brett Favre, ẹni ọdún 38, l'ọ́wọ́ Green Bay Packers. Torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ní kí Chad Pennington máa lọ. Jets borí nínú eré 8 nínú 11 àkọ́kọ́, gbogbo ìlú ń jó. Ìgbà náà ni apá tí àgbà fi ń ju bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Wọ́n pàdánù eré 4 nínú 5 tó kù. Bọ́ọ̀lù 22 tí Favre jù l'ọ́dún náà ló bọ́ sọ́wọ́ alátakò. Pennington ńkọ́? Ó ti di ará Miami, òun náà ló sì wá nà wọ́n mọ́lé wọn l'ọ́jọ́ ìkẹyìn, 24 sí 17.

Ọdún 15 kọjá, Jets tún padà sí Green Bay. L'ọ́dún 2023, Aaron Rodgers, ẹni ọdún 39, ni wọ́n gbà wá. Ní eré àkọ́kọ́, ìgbà kẹrin tí bọ́ọ̀lù kàn án l'ọ́wọ́ ni iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ já. Ó padà wá l'ọ́dún 2024, Jets borí nínú eré 5, wọ́n pàdánù 12. L'ọ́dún 2025 wọ́n ní kó máa lọ, Pittsburgh Steelers sì gbà á.

Ṣé ọjọ́ orí ló fà á? Rárá o. Favre kan náà lọ sí Minnesota l'ọ́dún 2009, ibẹ̀ ló ti pé ogójì ọdún. Ó ju touchdown 33, bọ́ọ̀lù 7 péré ni wọ́n gbà mọ́ ọn l'ọ́wọ́, ó sì ku eré kan kí wọ́n dé Super Bowl. Tom Brady jẹ́ ẹni ọdún 43 nígbà tó gba Super Bowl fún Tampa Bay ní February 2021. Peyton Manning náà gbà á fún Denver ní February 2016, bẹ́ẹ̀ ní sáà yẹn touchdown 9 péré ló jù, tí alátakò sì gba bọ́ọ̀lù 17.

Kí ló wá yàtọ̀? Iṣẹ́ ẹnjiníà ni mò ń ṣe. Bí a bá fẹ́ gbé ẹrù lé irin tó ti pẹ́, a kì í béèrè ọjọ́ orí rẹ̀ nìkan. A máa ń béèrè pé báwo ni ẹrù náà ṣe wúwo tó, kí ló sì tún wà níbẹ̀ tí yóò bá a gbé e? Minnesota ní Adrian Peterson tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré. Ní Tampa, àwọn tó ń dènà ò jẹ́ kí Kansas City rí ju àmì 9 lọ. Ní Denver, àwọn adènà ló gbé àgbà s'ẹ́yìn dé ilé ayọ̀. Ilé wọ̀nyẹn l'ópòó.

Ẹnì kan á ní jàm̀bá ló ṣe Rodgers, ó lè ṣe ọmọ ogún ọdún. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé tó l'ópòó kì í wó nítorí pé ẹnì kan fara pa.

Ohun kan ṣì kù. Ẹ wo Green Bay tó ń yọ̀ǹda àgbà. Rodgers jókòó sẹ́yìn Favre fún ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó fi ọkọ̀ lé e l'ọ́wọ́. Jordan Love náà jókòó ọdún mẹ́ta sẹ́yìn Rodgers. Ẹni tó ń yọ̀ǹda àgbà ti tọ́ ọmọ s'ílẹ̀, ẹni tó ń gbà á ni kò rí ọmọ tọ́. Minnesota ò tọ́ ẹnì kankan. Wọ́n tún bẹ Favre padà l'ọ́dún 2010, touchdown 11 ló jù, alátakò gba 19, eré 10 sì bọ́ mọ́ wọn l'ọ́wọ́ nínú 16. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Èrò tèmi nìyí. Bí òpó ilé bá dúró, tí ọmọ kan sì wà tó ń kọ́ṣẹ́ l'ẹ́yìn rẹ̀, ẹ gba àgbà, kí àdéhùn náà má sì ju ọdún kan sí méjì lọ. Bí kò bá sí èyí, ẹ fi owó náà kọ́ ilé ná. Èmi tó ń kọ eléyìí ti lé ní ogójì. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo irun funfun mi kó ní kí n máa lọ sílé. Mi ò sì fẹ́ kí wọ́n pè mí wá dá gbé ẹrù ènìyàn 11.

Ire o.