Nẹ́gátíìfù fọ́tò Èkó ti dé London àti New York: ta ló ń tọ́jú èyí tó wà ní Mowe, Ibafo àti Ifo?

Bí onífọ́tò àtijọ́ kan bá kó kúrò ní Muṣin tàbí Ṣógúnlé lọ sí ilé tuntun ní Mowe, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọnù kì í ṣe fìríìjì, kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀dì. Páálí nẹ́gátíìfù ni. Àwọn ọmọ á wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní "kí leléyìí tún wà fún?", ó di orí ààtàn nìyẹn. Bí kò bá dé orí ààtàn, wọ́n á jù ú sókè àjà lábẹ́ páànù gbígbóná, ibẹ̀ ni yóò wà títí tí yóò fi jẹrà.

Irú páálí bẹ́ẹ̀ gan-an ló ti wá di ohun tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri gálárì lókè òkun. Láti October 31, 2024 títí di March 22, 2025, gálárì Autograph ní London pàtẹ fọ́tò sítúdíò kan tó ń jẹ́ Abi Morocco Photos. Tọkọtaya ló ni ín, Ọ̀gbẹ́ni John Abe àti Ìyáàfin Funmilayo Abe. Aina Street ní Ṣógúnlé ni wọ́n ti ṣiṣẹ́, láti àwọn ọdún 1970 títí di 2006. Wọn kì í ṣe ayàwòrán ìjọba, wọn kì í sì í yàwòrán fún ìwé ìròyìn ńlá. Èèyàn bíi tiwa ni wọ́n ń yà, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rán ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbàgẹ̀dẹ̀, ìyá tó gbé ọmọ tuntun dání, ọ̀rẹ́ méjì tó wọ aṣọ kan náà.

Àwọn tó gbé iṣẹ́ yìí débẹ̀ ni Karl Ohiri, ọmọ Nàìjíríà tó dàgbà sí ìlú Ọba, àti Riikka Kassinen tó wá láti Finland. Nǹkan bíi ọdún 2015 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó nẹ́gátíìfù jọ l'Ékòó, nígbà tí wọ́n gbọ́ pé àwọn onífọ́tò ń dà á nù, tí àwọn míì ń dáná sun ún, torí kámẹ́rà díjítà àti fóònù ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ fíìmù. Lagos Studio Archives ni wọ́n pe ìkójọ náà.

Apá tó yani lẹ́nu jù níbẹ̀ ni iṣẹ́ tí Ohiri pè ní The Archive of Becoming. Àwọn nẹ́gátíìfù tó ti bàjẹ́ ló fi ṣe é. Kò tún wọn ṣe, ó kàn tẹ̀ wọ́n jáde bí wọ́n ṣe rí. Ojú èèyàn á ti yọ́ dà nù, aṣọ á di àwọ̀ àlùkò, ẹ̀yìn ìjókòó á dà bí iná ń jó. Museum of Modern Art ní New York pàtẹ rẹ̀ ní 2023, nínú ètò tí Oluremi Onabanjo darí. Kelani Abass, ọmọ Abẹ́òkúta níhìn-ín ní ìpínlẹ̀ Ogun, wà nínú ètò kan náà. Òun náà máa ń fi fọ́tò ẹbí àtijọ́ àti irin ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe iṣẹ́ ọnà. Akinbode Akinbiyi náà wà níbẹ̀, ẹni tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún tó ṣì ń ki fíìmù bọ kámẹ́rà títí dòní.

Kí ló ń ba fíìmù jẹ́ ná? Orí ike ni wọ́n ń lẹ àwòrán mọ́, ohun tí wọ́n sì fi ń lẹ̀ ẹ́ ni jẹ́látíìnì, tí wọ́n ń rí nínú eegun àti awọ ẹran. Ká sọ ọ́ bó ṣe rí, mọ̀lẹ́bí pọ̀nmọ́ ni. Bí ooru àti ọ̀rinrin bá wọ̀ ọ́, á wú, á rọ̀, olú á hù sí i lára. Ní ti fíìmù aláwọ̀, ìpele àwọ̀ mẹ́ta ló wà lára rẹ̀, wọn kì í sì í ṣá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí ojú ìyàwó fi lè di pupa nígbà tí aṣọ ọkọ di aró.

Ó rẹwà, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ẹwà náà ní ẹ̀gún. Ohun tí wọ́n ń yìn ní New York ni àbájáde àìsí ibi ìtọ́jú nílé. Ẹni tó bá sọ pé ìbàjẹ́ ni iṣẹ́ ọnà ti gbàgbé pé ẹnì kan dúró nínú yàrá òkùnkùn lóru, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ fọ́tò yẹn. Ẹ wo bàbá J.D. 'Okhai Ojeikere, tó kú ní 2014. Láti 1968 ló ti ń ya irun dídì àwọn obìnrin, ó sì tọ́jú nẹ́gátíìfù rẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí ayé wá a kàn, ó ní nǹkan lọ́wọ́, orúkọ rẹ̀ ló sì wà lára iṣẹ́ náà nígbà tí wọ́n pàtẹ rẹ̀ ní Venice ní 2013.

Ọ̀rọ̀ owó àti ẹ̀tọ́ ló ṣòro. Ní ti òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti 2022, ẹni tó ṣe iṣẹ́ ló kọ́kọ́ ni ẹ̀tọ́ rẹ̀, àfi bí àdéhùn mìíràn bá wà. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn bàbá onífọ́tò wa ló ní ìwé àdéhùn kankan? Ẹni tó ta páálí kan torí owó oúnjẹ lè rò pé ike lòun tà. Àwọn tí ojú wọn wà nínú fọ́tò ńkọ́? Ẹni tó ya fọ́tò ní 1978 láti fi ránṣẹ́ sí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kò mọ̀ pé àjèjì máa wò ó ní gálárì.

Èyí kàn wá ju bí a ṣe rò lọ. Láti Ṣógúnlé, ojú ọ̀nà Abẹ́òkúta àtijọ́ àti ojú irin ló gbé èèyàn dé Ifo, Ifo sì ni reluwé ti máa ń yà lọ sí Ìdógò láyé àtijọ́. Ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ló sì gbé àwọn tí owó ilé l'Ékòó ti lé jáde wá sí Ibafo àti Mowe. Àwọn tó fẹ̀yìn tì níṣẹ́ fọ́tò wà lára wọn. Nítorí náà, kì í ṣe Èkó nìkan ló yẹ kí èèyàn ti máa wá nẹ́gátíìfù Èkó. Ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé àti Ifo lè fi yàrá kan àti òṣìṣẹ́ méjì bẹ̀rẹ̀, kó tó di pé ẹlòmíì kó gbogbo rẹ̀ lọ. Àwọn tó ń ra fíìmù torí fàdákà tó wà nínú fíìmù dúdú-àti-funfun kò ní bèèrè ìgbéyàwó ta ló wà lára rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní páálí nílé, ẹ gbé e kúrò lókè àjà àti nítòsí ilé ìdáná. Inú àpòòwé bébà ni kí ẹ kó o sí, kì í ṣe ọ̀rá. Èyí tó bá ń rùn kíkan bíi fínígà, ẹ yà á sọ́tọ̀ kó má baà ran ìyókù. Bí ẹ bá fẹ́ wo ohun tó wà lára rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ojú fóònù kan funfun báláú, ẹ mú nẹ́gátíìfù náà lókè rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ fi fóònù kejì yà á, kí ẹ wá yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Kí ẹ sì kọ orúkọ onífọ́tò, ọdún àti àdúgbò sára àpòòwé náà nígbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè.