Ẹ Kọ́kọ́ Ra Oníwáyà
Àwọn ayàwòrán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ a máa sáré ra rìmóòtù kámẹ́rà aláìníwáyà nítorí pé ó gbayì lójú. Èmi ò bá wọn lọ síbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ya afárá Lẹ́kí sí Ìkòyí lóru, tí kámẹ́rà rẹ̀ wà lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, oníwáyà ló yẹ ẹ́. Èyí tí kò ní wàhálà nínú wọn kì í lo bátìrì: ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ dé ìdajì, kámẹ́rà á fojú sun ohun tí ẹ ń yà, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé tán, ó yà á. Ẹ lè tì í síwájú kó há síbẹ̀, kí ojú kámẹ́rà wà ní ṣíṣí kọjá ìṣẹ́jú-àáyá 30 tí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà mọ. Aláìníwáyà tó ń lo infrared gbọ́dọ̀ kọjú sí kámẹ́rà gan-an, oòrùn ọ̀sán sì lè dà á rú. Onírédíò sàn jù ú lọ. Òun ni mo fọwọ́ sí fún ẹni tó fẹ́ wà nínú fọ́tò ẹbí tó ń yà, bí bátìrì rẹ̀ ò bá kú. Kí ẹ tó sanwó, ẹ yẹ ihò ara kámẹ́rà yín wò: ẹnu wáyà Canon kì í wọ Nikon.