Ta Ni Ọmọ Ìlú?

Orúkọ Kofi Yamgnane kì í pẹ́ jáde lẹ́nu àwọn ènìyàn wa nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ohun tí ọmọ Áfíríkà lè dà ní ilẹ̀ Faransé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò dára ni pé ẹnu tó ń yìn ín náà ni ó ń gbèjà òfin ẹgbẹ́ wa ní Ladjifarani, èyí tó sọ pé ẹni tí baba rẹ̀ jẹ́ Yorùbá nìkan ni ó lè di alága tàbí akọ̀wé. A ní kí wọ́n mú ọ̀kan nínú méjèèjì.

Ní 1945 ni wọ́n bí Yamgnane ní Bandjéli, ní ìhà Bassar, lórílẹ̀-èdè Tógò. Ní 1964 ó lọ kàwé ní Brest, ó di ẹnjiníà, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba ní Finistère, ní agbègbè Bretagne. Abúlé tó fi ṣe ibùgbé, Saint-Coulitz, kéré. Àwọn ará ibẹ̀ nígbà náà kò tó 500. Ní 1983 wọ́n dìbò yàn án sí ìgbìmọ̀ ìlú, ní 1989 ó di maire, kò sì fi ipò náà sílẹ̀ títí di 2001. Ó wọ inú ìjọba ní 1991, lásìkò François Mitterrand, láti bójú tó bí àwọn àlejò ṣe ń di ara ìlú. Ó ṣe aṣòfin láti 1997 sí 2002.

Àwọn tó ń yìn ín a máa sáré dé ibi ipò mínísítà. Àwa fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúró díẹ̀ lórí ọdún mẹ́fà tó wà láàárín 1983 àti 1989. Ìgbìmọ̀ abúlé kì í jíròrò ohun tó ń dún létí: ọ̀nà, omi, itẹ́ òkú. Níbẹ̀ ni àwọn aládùúgbò rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tó di maire, ó gbé ìgbìmọ̀ àwọn àgbà kalẹ̀, bí ó ti rí i nílé. Àwọn ará Bretagne kò sọ pé àṣà àjèjì ni. Àwọn ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Faransé náà ti ní irú rẹ̀. (Àwọn Breton wọ̀nyí mọ ohun tí ẹ̀gàn jẹ́. Wọ́n fìyà jẹ àwọn baba wọn nílé ẹ̀kọ́ nítorí èdè wọn, wọ́n so nǹkan mọ́ wọn lọ́rùn, bí a ti so ó mọ́ àwọn tiwa náà lọ́rùn.)

A kò sọ pé ilẹ̀ Faransé ni ọ̀run. Ẹlẹ́yàmẹ̀yà wà níbẹ̀, àwọn ọmọ wa tó ń gbé ibẹ̀ mọ̀ ọ́n lára.

Ṣùgbọ́n àwa ńkọ́? Wọ́n ní igi tó pẹ́ nínú omi kò lè di ọ̀nì. A gbọ́. Igi kì í san owó orí, igi kì í kọ́ ilé, igi kì í sin òkú rẹ̀ síbẹ̀. Ta ló sì yẹ kó pa òwe yìí? Ní 1958 wọ́n lé àwọn ará Dàhòmì ní Abidjan. Ní 1969 ìjọba Busia ní kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbé jáde ní Gánà, Yorùbá ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó fara gbá a. Ní 1983 Nàìjíríà náà lé àlejò. Àwọn àgbà tó di ẹrù lójijì ṣì wà nínú ilé wa.

Wọ́n tún ní ẹgbẹ́ kì í ṣe kọ́múùnù, pé àṣà ni a dá a sílẹ̀ láti pa mọ́. Ta ló ń pa á mọ́? Ọmọ Dendi tàbí Bàrìbá tó gbọ́ Yorùbá yékéyéké, tó ń fi kọ́ àwọn ọmọ wa ní kíkà àti kíkọ, ni òfin yìí ń tì sẹ́yìn, nígbà tí ọmọ tiwa tí kò lè ki baba rẹ̀ lè jókòó sórí àga alága. Èdè Dendi ni àwa náà fi ń ná ọjà ní Parakou. Kò sẹ́ni tó bi wá léèrè baba wa kó tó dá wa lóhùn.

Apá kan wà nínú ìtàn Yamgnane tí àwọn olùyìn rẹ̀ kì í fẹ́ sọ. Ní 2010 ó padà wá díje fún ipò ààrẹ Tógò. Ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin orílẹ̀-èdè kọ ìwé rẹ̀, nítorí pé ìwé Tógò pe ọjọ́ ìbí rẹ̀ ní 11 oṣù kẹwàá, ti Faransé sì pè é ní 31 oṣù kejìlá, ọdún kan náà. Àwa olùkọ́ tó ń kó ìwé àwọn ọmọ jọ fún ìdánwò BEPC mọ iye ìwé òbí tí wọ́n kọ «né vers» sí. Ilẹ̀ àjèjì yàn án ní aṣòfin. Ní ilẹ̀ tí wọ́n ti bí i, ọjọ́ ìbí ló ti ilẹ̀kùn.

Nítorí náà, ní ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀, a ó béèrè pé kí a yọ gbólóhùn «ẹni tí baba rẹ̀ jẹ́ Yorùbá» kúrò nínú òfin ẹgbẹ́, kí a fi «ẹni tó gbọ́ èdè náà, tó sì ti sin ẹgbẹ́ fún ọdún mẹ́ta» rọ́pò rẹ̀. Kí ìbò náà jẹ́ ti ìnàwọ́sókè, kí olúkúlùkù wa rí ọwọ́ ẹnìkejì.