Ọ̀wẹ̀ Ilé Ọlọ́run ní Àwọn Abúlé Oko Ìwó

Ní oṣù Agẹmọ àti oṣù Ògún, nígbà tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bá ti padé fún ìsinmi gígùn, tí òjò sì fà sẹ́yìn díẹ̀ kí ó tó tún padà dé, iṣẹ́ a máa pọ̀ ní àwọn abúlé oko tí ó yí Ìwó ká ju bí ẹni tí ń gbé ìlú ńlá ti lè rò lọ. Àgbàdo àkọ́rọ̀ ti gbó, iṣu titun ti ń jáde, koríko sì ti bo ọ̀nà odò àti ọ̀nà ilé Ọlọ́run mọ́lẹ̀. Nípa ilé Ọlọ́run yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin olóyè wa àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú sọ̀rọ̀ nínú ìwé wa ti oṣù yìí. Kì í ṣe nípa ìwàásù tí à ń ṣe nínú rẹ̀, nítorí ìwé wa yìí kì í ṣe ti ìjọ kan ṣoṣo, bí kò ṣe nípa iṣẹ́ ọwọ́ tí à ń ṣe yí i ká, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í gba owó lé lórí.

Ẹni tí ó bá ti Ìwó jáde gba ọ̀nà Kúta tàbí ọ̀nà Tẹlẹ́mú, tí ó sì yà kúrò ní títì wọ ọ̀nà ẹsẹ̀ àárín oko, kò ní í pẹ́ kí ó tó kan irú ilé bẹ́ẹ̀. Ògiri amọ̀ tí a fi símẹ́ǹtì rẹ́ ni. Páànù rẹ̀ ti pọ́n bí osùn. Irin àgbá ọkọ̀ àtijọ́ kan sì ń fì lórí igi níwájú rẹ̀, òun ni aago. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kànga wà ní ẹ̀yìn, ibojì díẹ̀ sì wà lábẹ́ igi. Kì í ṣe àwọn onígbàgbọ́ nìkan ni ó ń lo ibẹ̀. Níbẹ̀ ni baálé ti ń pe ìpàdé, níbẹ̀ ni àwọn nọ́ọ̀sì tí ń gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ti ń tẹ́ tábìlì wọn, níbẹ̀ ni àwọn olùdìbò ti ń tò. Bí koríko bá bò ó, gbogbo abúlé ni koríko bò.

Ta ni ó wá ń ro ibẹ̀ ní ọdún wọ̀nyí? Àwọn ìyá arúgbó ni. Mẹ́fà tàbí méje nínú wọn a jáde ní òwúrọ̀ Sátidé kí oòrùn tó mú, pẹ̀lú ọkọ́ tí èékù rẹ̀ ti dán bí gíláàsì; ọ̀kan a dúró ti ìkòkò àgbàdo, àwọn ìyókù a sì máa ro lọ, tàwọn torin. Inú wọn a máa dùn sí iṣẹ́ náà, mo fi ojú ara mi rí i. Ṣùgbọ́n n kò rò pé ó yẹ kí inú tiwa dùn sí i, nítorí èyí tí ó kéré jù lọ nínú wọn ti lé ní ọgọ́ta ọdún, àwọn ọmọ-ọmọ wọn sì wà ní Ìbàdàn àti Èkó, nínú ìsinmi, tí wọ́n jókòó ti ẹ̀rọ ìléwọ́ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́.

Àwọn baba wa ní orúkọ fún iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ ń ṣe, wọn kò sì pa orúkọ náà pọ̀. Àáró jẹ́ ti ẹgbẹ́: àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin tàbí márùn-ún tí agbára wọn dọ́gba a ṣiṣẹ́ ní oko ẹnìkíní lónìí, wọn a lọ sí ti ẹnìkejì lọ́la, títí yóò fi kárí gbogbo wọn. Gbèsè ni àáró; ẹni tí a bá ṣe é fún gbọ́dọ̀ san án padà, ebè fún ebè. Ọ̀wẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ bá wọ̀ lọ́rùn ni ó ń bẹ ọ̀wẹ̀. A pe ẹbí, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò, a se oúnjẹ, a wá ẹmu, kò sì sí ẹni tí yóò jókòó ka iye ebè tí ẹnìkejì kọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ní àfẹ́sọ́nà a kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣe ọ̀wẹ̀ àna, láti bá a bo ilé tàbí láti bá a ro oko, bàbá ọmọ a sì jókòó sí ibòji kan, yóò máa wo irú ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ bá lọ. (Ó dá mi lójú pé ìdánwò yìí dára ju ọ̀pọ̀ ìbéèrè tí àwa àlùfáà ń bi àwọn tí ó fẹ́ gbéyàwó lónìí lọ.)

Nígbà tí ìhìnrere dé, ọ̀wẹ̀ ni ó bá nílẹ̀, ọ̀wẹ̀ náà sì ni ó gbé e ró. Láti ìgbà tí David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ ti tẹ̀dó sí Kúdẹtì ní Ìbàdàn ní ọdún 1853, títí di ọdún 1938 tí àwọn Onítẹ̀bọmi gbé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ wọn kalẹ̀ sí Ìwó, níbi tí Yunifásítì Bowen, tí a dá sílẹ̀ ní 2001, wà lónìí, owó àti ìwé lè ti òkè òkun wá, ṣùgbọ́n amọ̀ kò ti òkè òkun wá, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ tí ó pò ó kì í ṣe ẹsẹ̀ òyìnbó. Ní abúlé, ẹnìkan náà ni tíṣà àti olùdarí ìjọ. Ìjọ ni ó ń fún un ní ilé, àwọn òbí ni ó ń ro oko rẹ̀ kí ó lè ráyè kọ́ ọmọ wọn. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-oòrùn sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, tí ọmọ ya lu ilé-ẹ̀kọ́ bí omi, ọ̀pọ̀ abúlé ni ó tún pò amọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, nítorí àyè kò gbà wọ́n mọ́.

Ẹ jẹ́ kí á rántí irú ìlú tí Ìwó jẹ́. Ìlú Mùsùlùmí ni. Ọba Mọ́mọ́dù Lámúyè, tí ó jọba ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni Olúwòó kìíní tí ó gba ẹ̀sìn náà, òkìkí àwọn aáfà Ìwó sì kàn jìnnà. Nítorí náà, bí a bá gbọ́ pé abúlé kan ní agbègbè wa kọ́ ilé Ọlọ́run, kí a má ṣe rò pé àwọn onígbàgbọ́ nìkan ni ó kọ́ ọ. Wọn kò pọ̀ tó. Ẹ̀gbọ́n tí ń kírun ni ó bá àbúrò tí ń kọ orin ìjọ gbé òpó, nígbà tí a sì ń kọ́ mọ́sálásí, àbúrò náà bọ́ ẹ̀wù, ó sì ru omi. Ilé kan náà ni a ti bí wọn, oko kan náà ni a pín fún wọn. Báwo ni ẹnìkan yóò ṣe bẹ ọ̀wẹ̀ kí ẹnìkejì ní òun kò lè wá?

Ní àárín àwọn ọdún 1970, ìjọba gba àwọn ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ. N kò fẹ́ padà sí ẹjọ́ náà. Ìjọba san owó àwọn olùkọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ sì jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ọwọ́ ti kúrò. Ohun tí ó jẹ́ ti abúlé di ti ìjọba, ẹni tí ó sì ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún òrùlé ṣe wá ń retí kí ìjọba wá tún un ṣe. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dájọ́ pé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè lo híjáàbù ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn ọmọ kan ní Baptist High School, ní Ìwó níhìn-ín, fi wọ aṣọ akọrin àti aṣọ ìjọ lọ sí kíláàsì. Àwòrán wọn kárí ayé. Àwọn tí kò mọ ọ̀nà tí ó wọ Ìwó fi wá ṣe ẹ̀rín. Àlùfáà ni mí, ẹ mọ ibi tí mo dúró nípa ẹ̀sìn, n kò sì ní í ṣe adájọ́ lórí ohun tí adájọ́ ti ṣe. Ohun tí mo rí ni pé ní gbogbo oṣù náà, ariwo “tiwa ni” gba ìlú kan, láti ọ̀dọ̀ tibí-tọ̀hún, n kò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí ń pariwo bèèrè ẹni tí yóò tún ilé-ìgbẹ́ àwọn ọmọ náà ṣe. Bí ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ Kristẹni bá ti jùmọ̀ pọn omi sí amọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kan, èmi rò pé yóò ṣòro púpọ̀ fún wọn láti fi ilé náà ja ìjà.

Owó ni ó wá rọ́pò ọwọ́. Ní ọjọ́ ìkórè, a ó fi ìwé pe àwọn ọmọ wa tí Ọlọ́run bùkún fún, a ó fi ọ̀kan ṣe alága, a ó pe orúkọ rẹ̀ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, yóò sì ṣe ìlérí gbọ̀ngàn ńlá kan. Ó ń mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, ẹ má ṣe jẹ́ kí n rẹ́ ẹ jẹ. Kọ́lékọ́lé yóò ti ìlú wá pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ abúlé yóò dúró máa wòran, a ó gbẹ́ orúkọ olówó sí ara òkúta dídán, a ó jẹun, a ó túká. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin àdán ti gba àjà, kò sì sí ẹni tí ó gùn ún lọ lé wọn, nítorí kò sí ẹni tí ó rò pé òun ni ó ni ín. N kò bá owó jà. Páànù kì í hù lóko, a kì í sì í bẹ símẹ́ǹtì lọ́wẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa tí a fẹ́ràn láti máa pa òwe àgbájọ ọwọ́ lórí pèpéle, ọwọ́ wa dà?

Àwọn ìlú mìíràn ní ìṣòro tiwọn. Ìjọ Áńgílíkà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ìsìn tí ó tó 16,000, púpọ̀ nínú wọn ní abúlé, ọ̀pọ̀ sì ti wà láti ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan. Àwọn ará ìjọ ibẹ̀ gan-an ni ó ń ru púpọ̀ nínú ẹrù àtúnṣe wọn. Ní ìgbà ooru wọn, tí ó bọ́ sí àkókò kan náà pẹ̀lú ìsinmi tiwa, wọn a ta àkàrà òyìnbó àti tíì ní àgbàlá ìjọ, wọn a gé koríko orí ibojì, wọn a kọ orúkọ sí ara ògiri láti mọ ẹni tí yóò to òdòdó ní ọ̀sẹ̀ yìí àti ẹni tí yóò ṣí ilẹ̀kùn fún àlejò. Àwọn arúgbó ni ó pọ̀ jù nínú wọn pẹ̀lú, bí ti àwọn ìyá wa. Ní Rwanda, òfin ni: gbogbo ìlú ń jáde ní Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù fún iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní umuganda, ìtanràn sì wà fún ẹni tí ó bá sá. Ìlú wọn mọ́, a kò lè jiyàn. Ṣùgbọ́n àwa náà ti tọ́ irú rẹ̀ wò ní ayé ìjọba ológun ti 1984 àti 1985, nígbà tí a ní kí olúkúlùkù gbálẹ̀ ní òwúrọ̀ Sátidé. A ti ilẹ̀kùn, a sì sùn títí agogo mẹ́wàá fi lù. Ẹni tí ọlọ́pàá bá lé jáde kì í ṣe ọ̀wẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn òbí yóò sọ, nítorí wọ́n ti sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní ìdánwò àṣewọ Yunifásítì kò jẹ́ kí ọmọ ráyè, pé ẹ̀kọ́ ìgbà ìsinmi ti gba gbogbo ọjọ́ wọn. Mo jẹ́ olùkọ́, iṣẹ́ mi sì ni láti kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́. Ọ̀sẹ̀ kan péré kò lè ba ìwé ọmọ kankan jẹ́. Wọ́n tún ní ọ̀nà kò dára mọ́, pé ajínigbé wà. Ti èyí kò ṣe é fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, kò sì yẹ kí á rán ọmọ ẹnikẹ́ni gba ọ̀nà tí baálé àti àwọn ọdẹ ibẹ̀ kò tíì fọwọ́ sí. Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ ní àwọn abúlé tí ó sún mọ́ ìlú, tí ènìyàn lè lọ ní òwúrọ̀ kí ó sì padà sùn sílé.

Ohun tí mo ń bẹ ẹgbẹ́ wa fún kò tóbi. Kí àwọn olóyè mú ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù Ògún, kí olúkúlùkù agbo ilé ní Ìwó rán ọ̀dọ́ méjì, ọkùnrin tàbí obìnrin, lọ sí abúlé tí oko baba wọn wà. Kí a bẹ ọ̀wẹ̀ náà ní orúkọ abúlé, kì í ṣe ní orúkọ ìjọ. Kí ó jẹ́ pé ọjọ́ kìíní ni a ó ro àgbàlá ilé Ọlọ́run, ọjọ́ kejì àgbàlá mọ́sálásí, ọjọ́ kẹta ọ̀nà odò àti ilé-ìgbẹ́ ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọ̀sán, kí àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lára wọn kó àwọn ọmọ abúlé jọ lábẹ́ igi, kí wọ́n sì kọ́ wọn ní ìwé Yorùbá kíkà, nítorí mo ti bá ọmọ kíláàsì kẹfà pàdé tí kò lè ka orúkọ abúlé ara rẹ̀. Kí a má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní ìwé ẹ̀rí, kí a má sì gbẹ́ orúkọ kankan sí òkúta.

Oúnjẹ ni abúlé yóò pèsè, bí àṣà ọ̀wẹ̀ ti rí. Àgbàdo pọ̀ nígbà náà, iṣu sì ti dé. Àwọn tí ń bọ̀ láti Èkó kí wọ́n mú ọkọ́ àti àdá tiwọn dání, nítorí èyí tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ìyá wa kò tó. Baálé tí ó bá fẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ní abúlé tirẹ̀, kí ó rán ẹnìkan wá sí ìpàdé wa tí ń bọ̀, kí ó sì sọ iye ènìyàn tí ó lè fún ní oúnjẹ.