Bàhíà: Ta Ni Ó Ni Ín Kí Ọkọ̀ Tó Gúnlẹ̀?

 

Ọ̀rọ̀ Bàhíà ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti gbọ́ orúkọ náà. A mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n kó púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa lọ láyé òwò ẹrú. A mọ̀ pé láti ibẹ̀ ni àwọn Àgùdà tí wọ́n kọ́ ilé alárànbarà sí Èkó ti padà wá. A sì mọ̀ pé wọ́n ṣì ń ké pe Ṣàngó àti Ọ̀ṣun níbẹ̀ dòní olónìí. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ Bàhíà bá ti délẹ̀, ńṣe ni a máa ń gbé àyà síwájú pé, "Tiwa ni!"

Èmi náà máa ń yọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé àárín ni a ti ń mú ìtàn náà sọ. Inú ọkọ̀ ẹrú ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bí ẹni pé kò sí ènìyàn kankan ní etí omi náà kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú un láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Omi sì ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Bàhíà kì í ṣe orúkọ ọba, kì í sì í ṣe orúkọ akọni kan. Ní èdè Pọtogí, ohun tí ó túmọ̀ sí ni ibi tí òkun gbé ya wọ inú ilẹ̀, tí ilẹ̀ sì na apá méjèèjì ká a mọ́ra. Ìyawọ̀ òkun ni n óo máa pè é. Ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Bràsílì ni èyí tí à ń wí yìí wà, Òkun Àtìláńtíìkì ni ó sì là á láàárín pẹ̀lú wa. Ó fẹ̀ ju 1,000 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ, erékùṣù inú rẹ̀ sì lé ní 50. Èyí tí ó tóbi jù nínú wọn ni Itaparica. Òun ni ó dùbúlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà bí ajá tí ń ṣọ́ ilé. Ìgbì ńláńlá a wá fọ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, omi inú lọ́hùn-ún a sì pa rọ́rọ́. Ní òdì kejì, òkè gíga kan yọrí sí etí omi. Àárín òkè yìí àti Itaparica ni ẹnu ọ̀nà wà. Ó gbòòrò, ó sì jìn tó fún ọkọ̀ ńlá. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, àwọn odò bíi Paraguaçu, Subaé àti Jaguaripe ń ṣàn wọ inú rẹ̀, tí ọkọ̀ fi lè gba ojú odò Paraguaçu wọ inú ilẹ̀ dé ibi tí ìlú Cachoeira wà.

Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Èkó yóò rí ìyàtọ̀. Ọ̀sà tiwa tóbi, ṣùgbọ́n yanrìn a máa dí ẹnu rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni ó sì fọ́ síbẹ̀ kí ìjọba tó fi òkúta mọ odi sí ẹnu omi ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ẹnu omi tiwa ń bá ọkọ̀ ńlá jà. Ti Bàhíà ń pè wọ́n ni. Ohun tí ó dára ni kò jẹ́ kí onílé ibẹ̀ sinmi.

Ta wá ni onílé? Àwọn Tupinambá ni. Kirimurê ni orúkọ tí a gbọ́ pé wọ́n ń pe omi náà. Apẹja ni wọ́n, atukọ̀ ni wọ́n, àgbẹ̀ sì ni wọ́n pẹ̀lú. Ilé gígùn kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń gbé pọ̀. Ẹ̀gẹ́ ni oúnjẹ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi gààrí tutù pa òùngbẹ lọ́sàn-án, ẹ gbọ́ o: àwọn ìran onílẹ̀ apá ibẹ̀ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ gbin ẹ̀gẹ́ láyé, àwọn Pọtogí ni wọ́n sì gbé e kọjá òkun wá sọ́dọ̀ wa. N kò sọ pé áńgẹ́lì ni àwọn Tupinambá. Wọ́n ń bá ara wọn jagun, wọn a sì máa jẹ ẹran ara ọ̀tá tí wọ́n bá mú lójú ogun. Ṣùgbọ́n onílé ni onílé ń jẹ́.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn Pọtogí kò wo ilé. Kàlẹ́ńdà ni wọ́n wò. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 1501 ni ọkọ̀ wọn wọ ibẹ̀, Amerigo Vespucci, ọmọ Ítálì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, sì wà láàárín wọn. Ọjọ́ Gbogbo Àwọn Ènìyàn Mímọ́ ni ọjọ́ náà nínú ìjọ Kátólíìkì. Wọ́n bá sọ omi náà ní Baía de Todos os Santos, èyíinì ni Ìyawọ̀ Òkun Gbogbo Àwọn Ènìyàn Mímọ́. Orúkọ yìí ni ó wọ inú àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n ń yà. Orúkọ tí onílé ń pè é kò wọ̀ ọ́.

Àlejò àkọ́kọ́ tí ó jókòó pẹ́ níbẹ̀ kò bá ogun wá. Ní nǹkan bí ọdún 1510, ọkọ̀ kan fọ́ nítòsí ẹnu omi náà, Pọtogí kan tí ń jẹ́ Diogo Álvares sì yè é. Àwọn Tupinambá gbà á sílé, wọ́n sọ ọ́ ní Caramuru. Ó kọ́ èdè wọn, ó gbé ìṣe wọn wọ̀, ó sì fẹ́ Paraguaçu, ọmọbìnrin ọ̀kan nínú àwọn olóyè wọn. Ní ọdún 1528 tọkọtaya yìí dé ilẹ̀ Faransé, níbi tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún ìyàwó ní ìlú Saint-Malo tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Catarina. Àwọn ọlọ́kọ̀ tí ń wá igi pupa tí wọ́n fi ń rẹ aṣọ a máa bá Caramuru dúnàádúrà, òun a sì máa ṣe ògbufọ̀. Àlejò tí ó mọ̀wà hù ni.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó tẹ̀lé e. Ní ọdún 1534, Ọba João Kẹta jókòó sí ìlú rẹ̀, ó sì pín etí òkun Bràsílì fún àwọn ènìyàn rẹ̀ bí ẹni ń bu àkàrà fún ọmọdé. Bàhíà bọ́ sọ́wọ́ jagunjagun àgbà kan, Francisco Pereira Coutinho. Ní 1536 ó tẹ̀dó sí ẹ̀bá ẹnu omi. Àwọn tí ó kó wá ń gba ilẹ̀ láti gbin ìrèké, wọ́n sì ń fi tipátipá mú onílẹ̀ ṣiṣẹ́. Àwọn Tupinambá dìde sí wọn, wọ́n lé wọn jáde. Coutinho sá lọ sí Porto Seguro. Nígbà tí ó ń padà bọ̀ ní 1547, ọkọ̀ rẹ̀ fọ́ mọ́ Itaparica. Àwọn onílẹ̀ mú un, wọ́n pa á, wọ́n sì jẹ ẹ́.

Ẹnikẹ́ni lè rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kò parí. Ọba fúnra rẹ̀ ló wá mú un ní tirẹ̀. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 1549, Tomé de Sousa dé gẹ́gẹ́ bí gómìnà pẹ̀lú nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ènìyàn: sójà, bíríkìlà, káfíńtà, arúfin tí wọ́n lé kúrò nílùú, àti àwọn Jésúìtì mẹ́fà tí Manuel da Nóbrega ṣáájú wọn. Ọba ti kọ̀wé sí Caramuru ṣáájú pé kí ó bá òun pèsè sílẹ̀ dè wọ́n. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí nìyí. Ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Àlejò tí ó mọ̀wà hù ni ó la ọ̀nà fún èyí tí kò mọ̀ ọ́n hù, onílé ni ó sì san gbèsè méjèèjì.

Orí òkè etí omi ni wọ́n kọ́ ìlú Salvador sí, ní nǹkan bí àádọ́rin mítà sókè, kí ọwọ́ ọ̀tá má baà tó o. Èbúté wà ní ìsàlẹ̀. Títí di òní, Ìlú Òkè àti Ìlú Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń pè é, ẹ̀rọ tí wọ́n ṣí ní 1873 sì ń gbé ènìyàn gòkè, ó ń gbé e sọ̀kalẹ̀. Salvador ni olú-ìlú Bràsílì láti 1549 títí di 1763, nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí Rio de Janeiro, etí ìyawọ̀ òkun mìíràn.

Kí ni wọ́n ń wá? Ṣúgà ni. Ilẹ̀ tí ó yí omi náà ká, tí wọ́n ń pè ní Recôncavo, jẹ́ ilẹ̀ dúdú alámọ̀ tí ó ki bí ẹ̀kọ gbígbóná, ìrèké sì fẹ́ràn rẹ̀. Etí odò ni wọ́n ń kọ́ ilé ìfúnrèké sí, kí ọkọ̀ lè gbé àpótí ṣúgà láti ẹnu ọ̀nà lọ sí èbúté láìtẹ ẹrẹ̀. Ẹ tún rí i: omi pẹ̀lẹ́ tí àwọn Tupinambá fi ń pẹja ni ó wá di títì fún ẹrù ẹlòmíràn. Gómìnà Mem de Sá fi ogun kó abúlé wọn, ó jó ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní 1562 àti 1563, àrùn tí àwọn àgbà wa kì í fẹ́ dárúkọ, Ilẹ̀ẹ́gbóná, ti ọ̀dọ̀ àwọn àlejò wọlé, ó sì pa wọ́n ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Àwọn tí ó kù, òmíràn di ẹrú, òmíràn wọ abẹ́ àwọn àlùfáà, òmíràn sá wọ inú igbó.

Nígbà tí onílẹ̀ tán lóko ni wọ́n yíjú sí Áfíríkà. Àwọn ará Gíní, Kóńgò àti Àǹgólà ni wọ́n kọ́kọ́ kó. Ọrọ̀ ṣúgà tún fa olójúkòkòrò mìíràn: ní 1624 àwọn ará Hóláǹdì gba ẹnu omi gbòòrò yẹn wọlé, wọ́n gba ìlú náà. Ní ọdún kejì, ọkọ̀ 52 ti Sípéènì àti Pọtogí gbà á padà. Lẹ́yìn náà ni tábà Cachoeira, èyí tí wọ́n fi omi dídùn ìrèké pa lára, di ohun tí wọ́n ń kó lọ ra ènìyàn ní Wìdà, Àjàṣẹ́ àti Èkó. Nígbà tí Ọ̀yọ́ ń dàrú ni àwọn ènìyàn wa wá ya lọ bí omi. Àpapọ̀ àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó dé Bàhíà lé ní mílíọ̀nù kan.

Nítorí náà, bí a bá wí pé "Tiwa ni," ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí à ń wí. Àwọn tiwa dé ilẹ̀ tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Wọn kò wá gbà á. Wọ́n kó wọn wá síbẹ̀ ni, ìyà kan náà ni ó sì jẹ àwọn àti onílẹ̀.

Àwọn ará Bàhíà fúnra wọn mọ èyí jù wá lọ. Ní ọjọ́ kejì oṣù keje lọ́dọọdún, tí wọ́n fi ń rántí bí wọ́n ṣe lé àwọn sójà Pọtogí jáde ní 1823, ère onílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Caboclo ni wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ fà yí ìlú ká. Nínú ọ̀pọ̀ ilé òrìṣà níbẹ̀, wọ́n ń bọlá fún Caboclo pẹ̀lú òrìṣà tí àwọn baba wọn kó ti ilé lọ, nítorí wọ́n gbà pé òun ni ó ni ilẹ̀. Ní Itaparica náà, níbi tí Coutinho ti pàdé ikú rẹ̀, Egúngún ń jáde níbẹ̀ títí di òní. Ọmọ tí a kó lẹ́rú rántí pé bí ènìyàn bá dé ilẹ̀ onílẹ̀, onílẹ̀ ni à ń kọ́kọ́ kí. Àwa tí a wà nílé kò gbọdọ̀ gbàgbé.

Bí ẹ bá tún gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ ìtàn Bàhíà fún ọmọ, kí ó sọ nípa àwọn Àgùdà, kí ó sọ nípa Nàgó, ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ dárúkọ àwọn Tupinambá. Bí kò bá sì rántí nǹkan mìíràn nípa wọn, kí ó rántí gààrí.